Orí Òkè Láàárín Omi

Kí wọ́n tó dí odò Ọbà, òkè ni ibí yìí.
Bàbá mi àgbà, Oyètóògùn, ló ń ro ó:
iṣu lápá ìlà oòrùn, kajú lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀,
igi emi mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò gbìn.
Lọ́dún tí omi kún, àfonífojì lọ, ọ̀nà oko lọ,
òkè nìkan ló yọrí
bí ẹni tó ń wẹ̀ tí ò fẹ́ kí irun òun tutù.

Ọdún kẹta ni ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ dé.
Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní nígbà náà,
ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń húkọ́ bí àgbà tí òtútù mú.
Ogún èèyàn ló lè gbà; wọ́n máa ń kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Wọn a sọ̀ kalẹ̀ sí Ìdí-Emi, wọn a bọ́ bàtà.
Kò sí èbúté, kò sí ilé ìyàgbẹ́
(ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, igbó ni gbogbo wa ń lọ).
Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mò ń gba okùn ọkọ̀,
tí mò ń so ó mọ́ ara kajú,
náírà márùn-ún lójúmọ́ àti mínírà tó bá ṣẹ́kù.
Àyọ̀ká ìyá mi a yan ẹja àrọ̀ pẹ̀lú ata gígún;
àwọn nọ́ọ̀sì láti ọsibítù a jẹ ẹ́ lórí ìdúró,
wọn a nu ọwọ́ sí koríko.
Ọ̀gá ọlọ́kọ̀, Láníhùn, mọ orúkọ gbogbo èrò.
Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á kà wọ́n bí ẹni ń ka adìẹ wọlé.
Lọ́jọ́ kan, ogún ló gbé wá, ó ka ọkàndínlógún.
A kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn ju báyìí lọ.

Oṣù kejì ọdún yìí ni ọmọ ọmọ mi ní ká lọ.
Fóònù ló fi ra tíkẹ́ẹ̀tì.
Ọkọ̀ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ obìnrin tí mi ò mọ̀.
Wọ́n gbé ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wọ̀ mí, pupa bí ata rodo.
Inú mi dùn sí i. Mo rántí ọkàndínlógún.
Wọ́n so okùn aláwọ̀ ewé mọ́ mi lọ́wọ́.
Aláwọ̀ ewé lè jókòó, ó lè mu omi.
Aláwọ̀ búlúù lè jẹun.
Aláwọ̀ wúrà, inú ilé onígíláàsì ló ń sùn,
gan-an lórí ebè iṣu bàbá àgbà.

Wọ́n fi tírélà kó iyanrìn wá láti etí òkun,
wọ́n dà á sórí iyanrìn.
Wọ́n gbẹ́ adágún búlúù sáàárín omi,
àwọn èèyàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí odò.
Igi àgbọn méjìlá tò lọ. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan:
ike ni.
Kajú kan ló kù, wọ́n so iná wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn,
ẹgbẹ̀rún náírà lẹ ó san kẹ́ẹ tó bá a ya fọ́tò.
Ojú ibi tí okùn ọkọ̀ jẹ ẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.
Ìbàdí mi ló mọ báyìí. Nígbà kan, àyà mi ni.

Ẹ má bi mí bóyá ti àtijọ́ ló dára jù.
Ọmọ mi Mọ̀rẹ́nikẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná wọn,
owó oṣù rẹ̀ ń wọlé lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kì í yẹ̀.
Ẹja tó ń yan, inú yìnyín ló ti wá;
Ọbà kọ́ ló bí i.

Mo yọ́ lọ sẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀.
Omi ti fà níbẹ̀, ẹrẹ̀ ti sán,
ààrò mẹ́ta ìyá bàbá mi sì yọ,
èéfín àtijọ́ ṣì dúdú lára ọ̀kan.
Mo fi ẹsẹ̀ tì wọ́n wò. Wọn ò mì.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí láti ẹ̀yìn:
"Bàbá, okùn yín ò dé ibẹ̀ yẹn o."
Mo ní mo gbọ́.
Mo ṣì dúró.